Daniel O'Connell: ajìjàgbara ni àbí ọmọlẹ́yìn ọbabìnrin?

Ọmọ Yorùbá tó bá ti gbé ní Dublin yóò mọ O'Connell Street. Ère ọkùnrin kan tó da aṣọ ńlá bo èjìká wà ní ìbẹ̀rẹ̀ òpópónà náà, ó kọjú sí odò. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, nígbà tó pé 250 ọdún tí wọ́n bí ọkùnrin náà, orúkọ rẹ̀ tún gba ẹnu, àmọ́ ohun tí àwọn èèyàn ń sọ nípa rẹ̀ ń ta kora. Àwọn kan ní ajìjàgbara ni, pé ó kojú Gẹ̀ẹ́sì fún ilẹ̀ baba rẹ̀. Àwọn mìíràn ní irọ́ ni, pé ìpàdé wo ló ṣe tí kò ti ní kí wọ́n hó yèè fún Ọbabìnrin Victoria? Ẹlòmíì tún fi kún un pé ojo ni, pé ó sá nígbà tí ìjà dé ojú ẹ̀.

Èrò tèmi ni pé ìjà méjì ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, àwọn èèyàn sì ti lù wọ́n pọ̀. O'Connell jà fún ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà, ó borí. Lẹ́yìn náà ó jà kí ilé aṣòfin padà sí Dublin, kò borí. Ohun ìjà kan náà ló lò nínú méjèèjì. Ẹni tó bá mọ ìdí tí ohun ìjà náà fi ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kíní tí kò sì ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì ti mọ O'Connell.

Ohun mẹ́ta tó yẹ kó kọ́kọ́ yé wa

Èkíní ni ọ̀rọ̀ ìjọ. Nínú èèyàn mẹ́wàá ní Írẹ́lándì nígbà náà, nǹkan bí mẹ́jọ ló jẹ́ ọmọ ìjọ Àgùdà. Síbẹ̀ ìjọ Áńgílíkà ni ìjọba mọ̀, àwọn ọmọ ìjọ náà ló sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1690 síwájú, wọ́n gbé òfin dìde lórí òfin láti fi há àwọn Àgùdà mọ́: wọn ò gbọdọ̀ ra ilẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ ṣe lọ́yà, wọn ò gbọdọ̀ dìbò, wọn ò gbọdọ̀ jókòó nílé aṣòfin. Nígbà tí O'Connell fi di ọ̀dọ́kùnrin, wọ́n ti tú ọ̀pọ̀ nínú okùn wọ̀nyí. Àwọn ipò ńlá ló kù, títí kan àga ilé aṣòfin.

Èkejì ni Òfin Ìsopọ̀. Írẹ́lándì ní ilé aṣòfin tirẹ̀ ní Dublin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Àgùdà kankan ò lè wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ ọdún 1798, ìjọba London fi owó, oyè àti ipò wá ojú rere àwọn aṣòfin náà títí tí wọ́n fi dìbò pa ilé ara wọn run. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1801, Írẹ́lándì di ara ìjọba kan ṣoṣo pẹ̀lú Bìrìtìkó, ó ń rán 100 aṣòfin lọ sí London.

Ẹ̀kẹta ni Ìfagilé. Òun ni orúkọ ìjà kejì tí O'Connell jà: kí wọ́n fagi lé Òfin Ìsopọ̀ yìí. A ó padà sórí rẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń ṣì í gbọ́ jù.

Ibo ló ti jáde wá?

Wọ́n bí i ní ọdún 1775 ní agbègbè Kerry, ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Írẹ́lándì. Láti kékeré ni wọ́n ti gbé e fún ìdílé tálákà kan tọ́, èdè Irish ló sì kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu wọn. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kan, Maurice, tó lówó tí kò sì bímọ, mú un lọ sílé rẹ̀ ní Derrynane létí òkun. Fàyàwọ́ wà nínú ohun tó sọ bàbá yìí di olówó. Owó yẹn náà ló fi rán ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Àgùdà ní Faransé.

Ìgbà tó débẹ̀ kọ́ ni ìgbà tó dára. Ìjọba ń dojú dé ní Faransé, ọjọ́ tí wọ́n bẹ́ orí Ọba Louis Kẹrìndínlógún, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kìíní ọdún 1793, ni òun àti àbúrò rẹ̀ sá kúrò nílẹ̀ náà. Ó padà wá kọ́ iṣẹ́ lọ́yà. Ọdún 1798 tó di lọ́yà gan-an ni ọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Írẹ́lándì, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn kú, tí ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ wá sì jẹ́ Òfin Ìsopọ̀. Ohun méjèèjì yìí ló jẹ́ kó pinnu pé ìjẹ̀gàba èyíkéyìí tó bá fẹ́ fọ́, láì ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ni.

Àmọ́ ó ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ nígbà kan. Ní ọdún 1815, ó bú ìgbìmọ̀ ìlú Dublin níwájú gbogbo ayé, ọkùnrin kan tó wà nínú ìgbìmọ̀ náà, D'Esterre, sì pè é níjà ìbọn. O'Connell yìnbọn, ọkùnrin náà kú. Ó dùn ún wọ egungun. Ó san owó ìtọ́jú fún ọmọ D'Esterre fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tó sì yá, ó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun kò ní ja irú ìjà bẹ́ẹ̀ mọ́.

Báwo ló ṣe wọlé ìbò tí kò sì lè jókòó?

Ní ọdún 1823, O'Connell àti Richard Lalor Sheil dá Ẹgbẹ́ Àgùdà sílẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà, oníṣòwò àti ẹni tó rí jájẹ ni, torí owó ẹgbẹ́ wọ́n. Ní ọdún 1824, O'Connell dá ọgbọ́n kan tó yí gbogbo nǹkan padà: kí tálákà máa san kọ́bọ̀ kan péré lóṣù. Àwọn fadá ló ń bá wọn gbà á lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Àìkú.

Owó náà wúlò, ṣùgbọ́n owó kọ́ ni mo rò pé ó ṣe pàtàkì jù. Àgbẹ̀ tí kò ní nǹkan kan ju ọgbà pòtétò lọ ti san kọ́bọ̀ tirẹ̀, ó ti di ọmọ ẹgbẹ́. Ó fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń sọ ní Dublin. Ẹni tó mọ̀wé ń ka ìwé ìròyìn sétí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Ṣáájú àsìkò yìí, kò sí ibì kan ní Yúróòpù tí wọ́n ti kó àwọn tálákà jọ sínú ẹgbẹ́ òṣèlú báyìí, láì sí ìbọn, láì sí àdá.

Lẹ́yìn náà ni ìbò Clare dé, ní oṣù keje ọdún 1828. Aṣòfin agbègbè náà, William Vesey-Fitzgerald, ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ fún nípò mínísítà, òfin ìgbà náà sì ní ẹni tó bá gba irú ipò yẹn gbọ́dọ̀ padà lọ gba ìbò lọ́wọ́ àwọn ará agbègbè rẹ̀. O'Connell ní òun yóò bá a du àga náà.

Ibí yìí ló máa ń rú èèyàn lójú: ṣebí Àgùdà ò lè wọ ilé aṣòfin? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òfin kò ní kí ó má gba àpótí ìbò. Ìbúra tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé aṣòfin ni ìdènà. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó gbọ́dọ̀ búra pé ohun tí ìjọ Àgùdà gbà gbọ́ nípa ìsìn Máàsì jẹ́ ìbọ̀rìṣà, kó sì búra pé ọba ni olórí ìjọ, kì í ṣe póòpù. Àgùdà olóòótọ́ kò lè la irú ẹ̀ sọ. O'Connell mọ èyí dájú. Ohun tó fẹ́ ni kí àwọn èèyàn yan òun, kí ìjọba wá sọ fún gbogbo ayé pé ẹni tí wọ́n yàn kò gbọdọ̀ wọlé.

Ìbò ìgbà náà kò ní ìbòjú. Ojú gbogbo èèyàn ni o ó ti sọ orúkọ ẹni tí o fẹ́, onílẹ̀ tí ò ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún ń gbọ́, ó sì lè lé ẹ kúrò lóko lọ́jọ́ kejì. Àwọn àgbẹ̀ Clare tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ tẹ̀ lé àwọn fadá wọn wọ ìlú Ennis, wọ́n sì sọ orúkọ O'Connell lójú àwọn onílẹ̀ wọn. Ìbò 2,057 ni O'Connell ní, Fitzgerald ní 982.

Ẹ̀rù ba ìjọba. Duke of Wellington, ọ̀gágun tó ṣẹ́gun Napoleon, ló jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà. Robert Peel ni igbákejì rẹ̀ nílé aṣòfin. Kò sí èyí tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ Àgùdà nínú wọn, ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé bí àwọn bá kọ̀, ogun abẹ́lé lè bẹ́ sílẹ̀ ní Írẹ́lándì. Ní oṣù kẹrin ọdún 1829, òfin jáde: Àgùdà lè jókòó nílé aṣòfin, wọ́n sì yí ìbúra padà. Bí wọ́n ṣe ń pe O'Connell ní Olùdáǹdè nìyẹn. Síbẹ̀ wọ́n fi ìkanra lé e lórí. Wọ́n ní ṣáájú òfin tuntun ni wọ́n ti yàn án, nítorí náà ìbúra àtijọ́ ni kó ṣe. Ó kọ̀ ọ́ lójú gbogbo ilé. Wọ́n ní kó padà lọ gbàbò, ó lọ, kò sì sẹ́ni tó bá a du àga náà.

Ta ló san owó ìṣẹ́gun yìí?

Ìbéèrè yìí ló dùn mí jù nínú gbogbo ìtàn náà, àwọn tó ń yin O'Connell kì í sì í fẹ́ kàn án. Ọjọ́ kan náà tí òfin àwọn Àgùdà jáde ni òfin kejì jáde pẹ̀lú rẹ̀. Títí di ìgbà náà, ẹni tí ilẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ bá tó pọ́n-ún méjì lọ́dún lè dìbò ní Írẹ́lándì. Òfin kejì gbé e sókè sí pọ́n-ún mẹ́wàá. Àwọn olùdìbò ìgbèríko tó lé ní 200,000 wálẹ̀ sí nǹkan bí 37,000.

Àwọn àgbẹ̀ tó kojú onílẹ̀ wọn ní Ennis wà lára àwọn tí wọ́n gba ìbò lọ́wọ́ wọn. Lọ́yà Àgùdà lè di aṣòfin tàbí adájọ́ báyìí, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó fi oko rẹ̀ wewu kí èyí lè ṣẹ kò ní ohùn mọ́. O'Connell ṣe àtakò sí òfin kejì, àmọ́ kò kó ogunlọ́gọ̀ jáde nítorí rẹ̀ bó ṣe kó wọn jáde nítorí àga. Mo gbà pé olóòótọ́ èèyàn ni, mo sì gbà pé ó yẹ kó jà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ló ṣe nígbà tí Victoria jọba?

Ní London, O'Connell di olórí àwọn aṣòfin Írẹ́lándì kan. Ó fi iṣẹ́ lọ́yà sílẹ̀, àwọn èèyàn ilé sì ń dá owó jọ fún un lọ́dọọdún. Àwọn ọ̀tá rẹ̀ ní ọba alágbe ni. Láti ọdún 1835 ló ti ń bá ẹgbẹ́ Whig, ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ṣèjọba nígbà náà, ṣiṣẹ́ pọ̀. Victoria gorí ìtẹ́ ní ọdún 1837, ní ọmọ ọdún méjìdínlógún, O'Connell sì fẹ́ràn rẹ̀ dénúdénú torí ó rò pé yóò ṣàánú Írẹ́lándì ju àwọn bàbá rẹ̀ tó jọba ṣáájú lọ. Wọ́n rí nǹkan díẹ̀ gbà lásìkò náà. Ìdámẹ́wàá tí àwọn Àgùdà ń fi tipátipá san fún ìjọ Áńgílíkà kúrò lọ́rùn àgbẹ̀ ní tààràtà ní ọdún 1838, ó di ti onílẹ̀. Òfin tún ìgbìmọ̀ ìlú ṣe ní 1840, ní 1841 sì ni wọ́n fi O'Connell jẹ olórí ìlú Dublin, Àgùdà àkọ́kọ́ tó dé ipò náà lẹ́yìn nǹkan bí 150 ọdún.

Ṣé òmìnira pátápátá ni Ìfagilé?

Rárá o. Ní oṣù kẹrin ọdún 1840, nígbà tó rí i pé ẹgbẹ́ Whig ń lọ, tí ẹgbẹ́ Peel sì ń bọ̀, O'Connell dá ẹgbẹ́ Ìfagilé sílẹ̀, ó sì fi ọ̀rọ̀ ìṣòtítọ́ sí adé sínú orúkọ ẹgbẹ́ náà gan-an.

Ká sọ pé ọmọkùnrin kan ti gbéyàwó, ó sì ṣì ń gbé agboolé bàbá rẹ̀. Kò ní òun kì í ṣe ọmọ ilé mọ́, kò sì kọ baálé. Ohun tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ìyàwó òun dá ìkòkò kaná, kí òun sì mọ iye tí òun ń ná, dípò kí àwọn tó wà nílé ńlá máa bu oúnjẹ fún òun bó bá ṣe wù wọ́n. Ohun tí O'Connell ń béèrè nìyẹn: Victoria yóò jẹ́ ọbabìnrin Írẹ́lándì bó ṣe jẹ́ ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n Dublin ni wọn yóò ti máa ṣòfin Írẹ́lándì. Ẹni tó gbọ́ tí wọ́n ń hó yèè fún Ọbabìnrin nípàdé Ìfagilé kò gbọ́ ohun tó ta kora rárá.

Ní ọdún 1843, ó tún gbé ohun ìjà àtijọ́ jáde. Ó ń pe ìpàdé káàkiri ilẹ̀ náà, èèyàn sì ń wá bí eéṣú. Èyí tó tóbi jù ni ti orí òkè Tara, níbi tí àwọn ọba Írẹ́lándì àtijọ́ ti ń gorí ìtẹ́, ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹjọ. Àwọn ìwé ìròyìn ìgbà náà kọ ọ́ pé èèyàn 750,000 tàbí 1,000,000 ló wá. Kódà tí a bá gé iye náà sí ìdajì, ogunlọ́gọ̀ tí Yúróòpù kò tíì rí irú rẹ̀ ni. Kò sì sí ìjà, torí Fadá Theobald Mathew ti gba ẹ̀jẹ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ wọn pé àwọn kò ní mutí mọ́, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì ń darí èrò.

Ṣé ojo ló mú un ní Clontarf?

Clontarf wà létí òkun lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dublin. Ibẹ̀ ni Ọba Brian Boru ti ja ogun ńlá pẹ̀lú àwọn Viking ní ọdún 1014. O'Connell pe ìpàdé síbẹ̀ fún ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹwàá ọdún 1843. Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni ìjọba tó kéde pé ìpàdé náà kò bófin mu. Àwọn èèyàn ti ń rìn bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn ọmọ ogun ti wà ní sẹpẹ́, ọkọ̀ ojú omi ogun sì wà ní èbúté.

O'Connell fagi lé ìpàdé náà lójú ẹsẹ̀. Ó rán àwọn ẹlẹ́ṣin sí gbogbo ojú ọ̀nà láti dá èrò padà, kò sì sí ẹnì kan tó kú. Ẹni tó ń pè é lójo kàn gbàgbé ohun tó rí ní 1793 àti ní 1798 ni, kò sì ro iye òkú tí wọn ì bá kó ní eteetí òkun yẹn.

Àmọ́ ìjà náà ti bàjẹ́, ìdí rẹ̀ sì ni ohun tó yẹ kó yé wa. Ní 1829, ọ̀pọ̀ aṣòfin ní London ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ohun tí àwọn Àgùdà ń béèrè tọ́. Èrò tí O'Connell kó jọ kàn ti ilẹ̀kùn tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí ni. Ní 1843, Whig àti ẹgbẹ́ Peel fẹnu kò pé Ìfagilé kò ní ṣẹlẹ̀. Peel tó ti di olórí ìjọba ti sọ ọ́ nílé aṣòfin ní oṣù karùn-ún pé bí òun ṣe kórìíra ogun abẹ́lé tó, ó sàn lójú òun ju kí ìjọba ńlá wọn fọ́ lọ. Nígbà tí ẹni tí ò ń fi èrò halẹ̀ mọ́ bá ti ṣe tán láti yìnbọn, tí ìwọ kò sì ní jẹ́ kí wọ́n yìnbọn sí èrò rẹ, kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ náà tún lè gbà.

Wọ́n mú un, wọ́n fẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kàn án. Kò sí Àgùdà kan ṣoṣo nínú àwọn méjìlá tó jókòó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1844, wọ́n rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún kan, wọ́n sì bu owó ìtanràn £2,000 lé e. Ilé Àwọn Olóyè ní London yí ìdájọ́ náà padà lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Ó jáde, ṣùgbọ́n ó ti ń lọ sí ẹni àádọ́rin ọdún, agbára ti ń tán.

Ohun tó sọ nípa oko ẹrú

Èyí kan àwa gan-an. Ní àwọn ọdún tí mò ń sọ yìí, àwọn ogun tó tẹ̀lé ìṣubú Ọ̀yọ́-Ilé ń kó àwọn ọmọ Yorùbá sínú ọkọ̀ lọ sí Kúbà àti Brazil. Òfin tí O'Connell bá wọn dìbò fún ní London ní 1833 fòpin sí oko ẹrú ní ilẹ̀ abẹ́ Bìrìtìkó, kò dé Kúbà tó jẹ́ ti Sípéènì, kò sì dé Brazil. Ó dùn ún pé kò débẹ̀ àti pé kò dé Amẹ́ríkà.

Ní 1838, ó sọ níta gbangba pé aṣojú Amẹ́ríkà ní London, Andrew Stevenson, jẹ́ ẹni tó ń sin ẹrú bí ẹran. Ní 1841, ó fi orúkọ sí ìwé kan tí nǹkan bí 60,000 ará Írẹ́lándì buwọ́ lù, tó ń bẹ àwọn ọmọ Írẹ́lándì ní Amẹ́ríkà pé kí wọ́n dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń fẹ́ kí oko ẹrú dópin. Ọ̀rọ̀ yìí ná an lówó. Àwọn ẹ̀ka Ìfagilé ní Amẹ́ríkà ń fi owó ránṣẹ́ sílé; nígbà tó ń bá àwọn tó lẹ́rú wí, àwọn ẹ̀ka kan ní ìhà gúúsù tú ká. Àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra, pé ọ̀rọ̀ Írẹ́lándì ni kó gbájú mọ́. Kò gbọ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1845, Frederick Douglass, tó ti sá kúrò lóko ẹrú ní Amẹ́ríkà, wà nínú gbọ̀ngàn ní Dublin nígbà tí O'Connell ń sọ̀rọ̀, bàbá náà sì pè é sórí pèpéle. Títí ayé ni Douglass fi ń sọ nípa rẹ̀.

Báwo ló ṣe parí?

Ìgbà ìkórè ọdún 1845 náà ni àrùn kọ lu pòtétò, èyí tí àwọn ọlọ́jà wa ń pè ní Irish. Òun nìkan ni oúnjẹ àìmọye tálákà. O'Connell kó àwọn àgbà ìlú lọ bá aṣojú ọbabìnrin ní Dublin: kí wọ́n má jẹ́ kí ọkà kúrò nílẹ̀ náà, kí wọ́n ṣí èbúté fún oúnjẹ òkèèrè, kí wọ́n wáṣẹ́ fún èèyàn. Aṣojú náà kò dá wọn lóhùn tó gún régé.

Ní àárín ìyàn yẹn ni ẹgbẹ́ rẹ̀ pín sí méjì. Ní oṣù keje ọdún 1846, ó ní kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ gbà pé àwọn kò ní gbé ohun ìjà láé láti fi gba ẹ̀tọ́. William Smith O'Brien, Thomas Francis Meagher àti àwọn ọ̀dọ́ mìíràn ní àwọn kò lè fi ẹnu àwọn sọ ọ́ báyẹn, wọ́n bínú jáde.

Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kejì ọdún 1847, O'Connell dìde nílé aṣòfin fún ìgbà ìkẹyìn. Ohùn rẹ̀ kò jáde mọ́. Ọkùnrin tí èrò Tara ń gbọ́, àwọn tó jókòó nítòsí rẹ̀ kò gbọ́ ọ dáadáa. Ó ní Írẹ́lándì wà lọ́wọ́ wọn, kò lè gba ara rẹ̀ là, pé bí wọn kò bá ràn án lọ́wọ́, ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn èèyàn ibẹ̀ yóò ṣègbé. Èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ ló ń gbé Írẹ́lándì kó tó di ìyàn. Nígbà tó fi kọjá, nǹkan bí mílíọ̀nù kan ti kú, ó kéré tán mílíọ̀nù kan mìíràn sì ti sá lọ sókè òkun.

Ó ń lọ sí Róòmù nígbà tó kú ní Genoa ní Ítálì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù karùn-ún ọdún 1847. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, Smith O'Brien àti àwọn tó bínú jáde gbé ohun ìjà ní Ballingarry. Wákàtí díẹ̀ ni ọ̀tẹ̀ náà gbà, àwọn ọlọ́pàá sì tú u ká. Ọdún 1922 ni ilé aṣòfin tó ní agbára gidi tó padà sí Dublin, lẹ́yìn ogun, agbègbè mẹ́fà ní àríwá sì dúró ti Bìrìtìkó. Òfin tí wọ́n fi dá ìjọba tuntun náà sílẹ̀ ṣì fi ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe olórí. Ọdún 1949 ni Írẹ́lándì tó di orílẹ̀-èdè olómìnira tí kò ní ọba mọ́.